Tíṣà Tí Kò Gbọ́ Èdè Ìlú

“Ṣé ẹ gbọ́ èdè wa?”

Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì físà ló béèrè. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún un béèrè, ó wá ń fi bírò gbá tábìlì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Tíṣà ń wo ẹnu rẹ̀. Akọ̀wé ilé ìwé tó tẹ̀ lé Tíṣà wá ń wo aago ara ògiri. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Bẹ́ẹ̀, Tíṣà gbọ́. Ó gbọ́ èdè ìlú náà débi pé bí èèyàn méjì bá ń bú ara wọn nínú bọ́ọ̀sì, ó mọ èébú tó máa dun onítọ̀hún jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò gbà á láyè láti gbọ́. Èdè òkèèrè ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà, ọdún mọ́kànlá sì rèé tí ọ̀gá ilé ìwé ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́.

“Ojúlówó àlejò làwọn òbí ń sanwó fún,” ọ̀gá wí. “Bí ọmọ bá fi lè mọ̀ pé o gbọ́ tiwa, tiwa ni yóò máa bá ọ sọ. Ní kíláàsì o, lọ́jà o, lójú títì o, o ò gbọ́ nǹkan kan.”

Ìlú kékeré ni. Ibi tí Tíṣà bá yà sí, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tàbí ìyá ọmọ náà yóò wà níbẹ̀. Ló bá sọ ara rẹ̀ di odi. Bó bá fẹ́ ra tòmátì, á nàka sí i. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, á lejú. Àwọn tó ń tajà pè é ní Onínàka. Ó ń gbọ́ ọ, á sì rẹ́rìn-ín sí wọn bí ẹni tí wọ́n kí dáadáa.

Ọkọ rẹ̀ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni tẹ́lẹ̀. Èdè ìlú lẹ́nu rẹ̀ dà bí kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ kan ti jò, ṣùgbọ́n ó ń gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ. Ọdún keje rèé tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Físà rẹ̀ sì wà lẹ́yìn físà Tíṣà bí ọmọ ṣe ń wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀: bí ẹsẹ̀ ìyá bá yọ̀, tìyá tọmọ ni yóò ṣubú. Nílé lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tó sún mọ́ ìlú wọn jù, ìrìn odindi ọjọ́ kan ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dọ̀tí kò lè máa rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta nínú àwọn méjèèjì pé bí wọ́n bá padà sílé, ikú ni wọ́n ń bá lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Tíṣà ti ọ́fíìsì físà dé náà, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ ibẹ̀. Àga mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ki abẹ́rẹ́ bọ Gbẹ́nàgbẹ́nà lápá báyìí, oorun á gbé e lọ. Tíṣà á wá jókòó sáàárín òun àti Bàbá Afárá. Bàbá Afárá ló ń ṣí afárá odò ìlú náà fún ọkọ̀ ojú omi títí ó fi fẹ̀yìn tì, bí ọkọ Tíṣà bá sì ti ń hanrun lápá ọ̀tún, òun á máa rojọ́ lápá òsì.

“Ọkọ̀ ńlá tí mo ṣí afárá fún yẹn ga ju ilé ìjọba lọ,” Bàbá Afárá wí lọ́jọ́ náà.

“Bàbá, lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ ní kò ga tó ilé ìjọba.”

“Lọ́sẹ̀ tó kọjá ara mi ò yá!”

Àwọn àga yòókù ń pààrọ̀ olóhun. Ẹni tó jókòó síbí lóṣù tó kọjá lè má wá mọ́ lóṣù yìí, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè rẹ̀.

Lálẹ́, tọkọtaya náà jókòó ti tábìlì ìdáná, wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ físà bí ẹni tó ń tú òwú tó lọ́ mọ́ra. Òfin tuntun ti ní tíṣà àjèjì kò gbọdọ̀ lo físà iṣẹ́ ju ọdún mọ́kànlá lọ. Bí sáà yìí bá parí, ti Tíṣà parí.

“Físà akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?” ọkọ rẹ̀ béèrè.

“Akẹ́kọ̀ọ́ ò lè mú ọkọ dání.”

“Sọ fún wọn pé ọmọ rẹ ni mí.”

“Pẹ̀lú ewú tó wà lórí yín yìí?”

“Àwọn ọmọ kan máa ń tètè hu ewú.” Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwájú. “Ti oníṣòwò ńkọ́? Kí o dá ilé ìwé tìrẹ sílẹ̀.”

“Owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì, bí a bá ta èmi àti ẹ̀yin, kò lè pé.”

“Èmi kọ́ o. Ta ni yóò ra ẹni tí kò ní kíndìnrín?”

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ìwé ìgbélùú ló ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá rí i gbà ti bọ́ lọ́wọ́ físà ọdọọdún, òun àti ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ìlú fún ọdún mẹ́wàá, tó sì ń sọ èdè ìlú, ló tọ́ sí.

“Ìwọ wá dúró níwájú wọn bí òpó iná,” ọkọ rẹ̀ wí.

“Akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi! Bí mo bá lanu, ọ̀gá á ti gbọ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Iṣẹ́ á bọ́ kí físà tó tán.”

“Padà lọ. Ìwọ nìkan.”

Ó padà lọ lóòótọ́. Ó dúró síwájú gíláàsì, ó kí obìnrin náà, ó ṣàlàyé ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀. Bírò ọwọ́ obìnrin náà dúró lójú kan.

“Ẹ dúró ná. Ṣebí ẹ̀yin lẹ wá níjelòó? Níjelòó, ẹ ò gbọ́ ‘ṣé ẹ gbọ́’. Lónìí, òwe lẹ tún fi ń gbè é lẹ́sẹ̀?”

“Iṣẹ́ mi ló fà á, mà. Wọn ò fẹ́ kí n—”

“Mo gbọ́ yín. Ẹni tó lè díbọ́n fún ọdún mọ́kànlá pé òun ò gbọ́, kí ni kò lè díbọ́n pé òun gbọ́? Mo ti rí ẹni tó há gbogbo ẹ̀ sórí bí orin, tó jẹ́ pé ìbéèrè kan péré ni mo bi í tó fi dákẹ́.” Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. “Ẹ mú ọmọ ìlú yìí kan wá, tó ti ń bá yín sọ̀rọ̀ ní èdè wa láti bí ọdún márùn-ún. Kì í ṣe ọkọ yín, kì í ṣe ará ilé ìwé yín. Kó jókòó síbí, kó sọ ọ́ fún mi. Mi ò béèrè ju ìyẹn lọ.”

Ojú ọ̀nà ni Tíṣà ti ń ronú kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ọjà? Onínàka ni wọ́n mọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì? Orí ló máa ń mì sí i. Ó wá ku Ìyá Onílé, tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn, tí wọ́n jọ ń lo àtẹ̀gùn kan náà. Ó bá a níbi tó ti ń sá aṣọ.

“Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.”

Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Onílé, ó di inú iyanrìn. “Ta ló sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ! O ń gbọ́! Gbogbo ohun tí mo ń sọ lójú rẹ! Pé orí ọkọ rẹ dà bí àgbọn tí wọ́n ha!”

“Mo gbọ́, mà. Kì í kúkú ṣe irọ́.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Onílé, ṣùgbọ́n kò bọ́. Ó wo Tíṣà títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Lọ́jọ́ tí a sin ọmọ mi, gbogbo ilé yìí ló wá kí mi. Ìwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, o mi orí, o gòkè lọ. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú sí ọ. Mo ní àlejò ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ni nílùú wa.” Ó nàka sí i. “O mọ̀ ọ́n sọ?”

“Mo mọ̀ ọ́n sọ, mà.”

“Ó dáa.”

Tíṣà kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sọ ohun tó bá wá. Ìyá Onílé fà á dìde.

“Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ jókòó níwájú ìjọba kí n ní mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ láti ọdún márùn-ún. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.” Ó ṣa aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbé e padà síbi omi.

Lọ́jọ́ kejì, ní wọ́ọ̀dù, Gbẹ́nàgbẹ́nà ti sùn kí nọ́ọ̀sì tó lẹ báńdéèjì tán. Tíṣà jókòó sáàyè rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rọ́bà. Ó ń ronú ẹni tí wọ́n máa gbé sórí àga yìí bí sáà bá parí.

“Ojú rẹ ò dáa,” Bàbá Afárá wí. “N kò tíì sọ̀rọ̀ ọkọ̀ kankan, o ò tíì já mi nírọ́. Kí ló dé?”

Ni ọ̀rọ̀ bá tú jáde lẹ́nu Tíṣà bí omi tí wọ́n ṣí ìdènà rẹ̀. Ó rò ó kínníkínní: ti ọ̀gá ilé ìwé, ti obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì, ti tòmátì tó ń nàka sí, ti Ìyá Onílé tí òun kò kí kú ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó sunkún débi tí nọ́ọ̀sì fi dúró lójú kan pẹ̀lú àwo ọwọ́ rẹ̀.

“Kò sẹ́nì kankan, Bàbá,” ó wí. “Mo ti wá gbogbo ìlú yìí nínú ọkàn mi. Kò sí ẹyọ ọmọ ìlú kan tó lè sọ pé òun bá mi sọ̀rọ̀ rí.”

Bàbá Afárá wò ó. Ó wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì náà wò ó padà.

“Ọmọ mi,” bàbá náà wí jẹ́jẹ́, “òpópónà ẹ̀yìn ọsibítù yìí ni wọ́n bí mi sí. Ó di ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti so mí mọ́ ẹ̀rọ yìí, láti ìgbà náà lo ti ń jókòó síbẹ̀ yẹn tí ò ń bá mi jiyàn. Nọ́ọ̀sì ti lé wa kúrò nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi rí torí ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Èdè wo la fi ń jiyàn? Èdè wo lo fi sọ èyí tó o sọ tán yìí?”

Tíṣà fi ọwọ́ nu omijé rẹ̀ nù. Ọ̀dọ̀ Bàbá Afárá nìkan ni kì í ti í rántí pé èdè lòun ń sọ.

“Ọ̀la ni ká lọ,” Bàbá Afárá wí. Ó fi àgbọ̀n júwe àwọn àga yòókù. “Àga ibí kì í pẹ́ gba ẹlòmíràn, má jẹ́ ká fi falẹ̀. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá.”