Ìdìpọ̀ Lẹ́tà Láti Ilé Ṣọ́ọ̀ṣì

Àpótí náà ń rìn bọ̀ nínú kùrukùru láìsí ẹni tó gbé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lójú Lau Kam-wing láti ojú fèrèsé yàrá lẹ́tà, títí ẹsẹ̀ méjì fi yọ lábẹ́ rẹ̀, tí Ìyá Ngan afọṣọ sì yọ lẹ́yìn, tó ń kìlọ̀ fún alábàárù pé kó máa wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Wing, ẹ jáde wá gba ìyàwó. Àwọn lẹ́tà wa ti wá fẹ́ àwọn lẹ́tà yín."

"Ẹ̀bùn tí ìyàwó mú wá dà?"

"Èmi náà nìyí. Aṣọ ibùsùn ogójì ni mò ń fọ̀ lórí òkè lọ́hùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ni tibí. Ṣé ọwọ́ mi ò wá ju ẹ̀bùn lọ?"

Oṣù kẹta ni, ìgbà tí ọ̀rinrin máa ń mú kí ògiri Hong Kong làágùn, tí bàtà sì ń hu ewú lábẹ́ ibùsùn. Èèyàn ò rí òkun, ohùn àwọn ọkọ̀ nìkan ló ń gbọ́, wọ́n ń pe ara wọn bíi màlúù tó sọnù.

Ilé méjì tí àwọn atukọ̀ ń dé sí, tí wọ́n sì ti ń gba lẹ́tà wọn, ló ti wà ní èbúté náà, àwọn òyìnbó aláàánú ló dá méjèèjì sílẹ̀. Ilé Etíkun, níbi tí Wing ti ń ṣiṣẹ́, ń ta bíà. Ilé Ṣọ́ọ̀ṣì lórí òkè ń fúnni ní tíì, wọ́n sì ń kọrin ìsìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ti wá sú àwọn olùrànlọ́wọ́ láti máa bọ́ méjèèjì. Wọ́n ní kó di ọ̀kan. Láti ọjọ́ Ajé ni bẹ́ẹ̀dì, ago tíì àti dùùrù ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Lẹ́tà ló kù.

Ìyá Ngan jókòó lórí àpótí kó lè mí. "Ìyá atukọ̀ kan wà nílùú òyìnbó, ó kọ̀wé sí pásítọ̀ wa pé òun ti gbọ́ pé ilé yín ń ta bíà, nítorí náà ó dá òun lójú pé ilé wa lọmọ òun ń dé sí. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí. A ò rí ọmọ náà rí."

Wing fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀gá tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Hallam, máa dán an wò. Ìwé rẹ̀ wà lára ògiri: ẹni tí kò bá lè ka òyìnbó kò gbọdọ̀ di kọ́kọ́rọ́ yàrá lẹ́tà mú mọ́.

Wing kò lè ka òyìnbó.

Ó ti di kọ́kọ́rọ́ náà mú fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà ní àdúgbò Yau Ma Tei, ó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, ó sì ń ka èyí tó bá dé sí wọn létí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Wing ti kọ́ láti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tó kọ lẹ́tà, bí èèyàn ṣe ń mọ ìrìn ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè. Láàárọ̀, ọ̀gá àtijọ́, Ọ̀gbẹ́ni Birtles, á pe orúkọ tó wà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó parí nìyẹn. Wing á wo ọwọ́ náà, kò ní gbàgbé mọ́. Birtles ti wọkọ̀ relé lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ho, alásè, ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀gá tuntun ń bọ̀. "Álífábẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nínú orúkọ nìkan ni kí ẹ máa wò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó, ẹ sọ ọ́ sínú ihò rẹ̀, ẹ gbójú. Òyìnbó fẹ́ràn ẹni tó bá gbójú."

Nígbà tí Hallam wọlé, tí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò, Wing gbójú. Ó ń pín àwọn lẹ́tà tuntun sínú àwọn ihò pákó tó wà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń yára bí ẹni tó ń pín káàdì. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Hallam ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa, Lau. Kó àwọn lẹ́tà Ilé Ṣọ́ọ̀ṣì tó ti lé lọ́dún láìsí ẹni tó gbà wọ́n fún òṣìṣẹ́ yìí, kó dá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá."

Ìdìpọ̀ kẹrin láti inú àpótí Ilé Ṣọ́ọ̀ṣì ni Wing gbé tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ orúkọ lórí àpòòwé àkọ́kọ́ gùn kọjá orúkọ náà bí ipa tí ọkọ̀ ojú omi ń fi sílẹ̀. Sítáǹpù rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mọ ọwọ́ yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti rí i kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí ọkọ̀ Cole, atukọ̀ tí irú lẹ́tà yìí máa ń dé fún, bá gúnlẹ̀, Cole á wá sójú fèrèsé, á bi í bóyá lẹ́tà òun ti dé, Wing á sì mirí pé rárá. Cole wà ní yàrá òkè ilé náà báyìí, ó ń di ẹrù. Aago mẹ́rin lọkọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Òṣìṣẹ́ náà ti ṣí ẹnu àpò.

"Ọ̀gá, eléyìí ò gbọdọ̀ lọ. Ti Cole ni, tó wà ní yàrá òkè."

Hallam gbà á, ó wò ó. "Ka orúkọ yìí fún mi."

"Cole, sà."

"Oddy ni wọ́n kọ síbẹ̀. Garrick Oddy."

Birtles nìkan ló mọ̀ pé Cole ti jà nínú ọkọ̀ kan rí, pé ó sá, pé orúkọ tó fi ń wọkọ̀ kì í ṣe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ti kan lẹ́tà tí wọ́n kọ Oddy sí, Cole ló máa ń pè é.

"O ò lè kàwé," ni Hallam sọ, kò pariwo.

"Mi ò lè kà á, sà."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé tiẹ̀ ni?"

"Ọwọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn."

Hallam na àtẹ́lẹwọ́. Wing tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò nídìí bẹ́líìtì rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Gbé ìdìpọ̀ náà lọ bá a," ni Hallam wí. "Tí kò bá mọ ọwọ́ náà, dá a padà kíá. Òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ yìí ń dúró."

Lórí àtẹ̀gùn, Wing tú okùn ìdìpọ̀ náà, ó wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí sítáǹpù wọn, ó sì tò wọ́n láti orí èyí tó pẹ́ jù. Mọ́kànlá ni. Ìlà gígùn yẹn ń kúrú bó ṣe ń lọ. Ní ìkeje, ó ń gbọ̀n. Ní ìkẹwàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ìparí orúkọ. Ìkọkànlá kì í ṣe ọwọ́ yẹn rárá. Ọwọ́ ọ̀dọ́ ni, ó dúró ṣánṣán, bíi ti ẹni tó ń ṣọ́ra kó má bàa ṣì í.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọkọ̀. Tí irú àpòòwé báyìí, tó ṣeé ṣe kó gbé ìròyìn búburú, bá dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Yau Ma Tei, bàbá rẹ̀ á kọ́kọ́ fa àpótí ìjókòó wá fún ẹni tó ni ín, kó tó ṣí i.

"Ẹ̀gbọ́n Wing," ni Cole, tó ń so ẹnu báàgì rẹ̀, wí nígbà tí Wing wọlé, "ṣé wọ́n ti lé yín ni, tí ojú yín fi rí báyìí?"

"Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́." Ó na ìdìpọ̀ náà sí i.

Cole wo èyí tó wà lókè. Ó rọra jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ilé Ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá rẹ ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Ó gbọ́ pé à ń ta bíà níbí."

"Ìyá mi nìyẹn." Cole fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó yí ìdìpọ̀ náà padà. "Ẹ jẹ́ kí n ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe wà báyìí."

Wing gbé ọwọ́ lé e. "Láti orí èyí tó pẹ́ jù. Bó ṣe kọ ọ́ ni kó o ṣe kà á."

Cole wò ó. Ó ya ti àkọ́kọ́.

Wing ké láti orí àtẹ̀gùn sí àwọn tó ń dúró nísàlẹ̀ pé Cole mọ ọwọ́ náà, ó sì padà wọlé. Ó fa àpótí ìjókòó kan wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ń làágùn, ó fi í sí tòsí bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì jókòó. Aago kan ọ̀sán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Àkókò ṣì wà kí ọkọ̀ tó lọ.

Ní lẹ́tà kẹta, Cole bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá, ó ń nàka sí ibì kan lórí ìwé náà bí ẹni pé Wing lè kà á. Wing tẹ̀ síwájú, ó wo ibẹ̀ dáadáa, ó sì bá a rẹ́rìn-ín.