Koríko Abẹ́ Omi àti Àwọ̀n Bàbá Adéníjì

Ẹ bá mi wo Olúfúnkẹ́ o! Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe l'Ábújá, Kubwa ló ń gbé, àmọ́ ọ̀rọ̀ etí òkun Ìlàjẹ tí wọ́n ti bí i kì í jẹ́ kó sinmi. Òun ló bẹ ọ̀gá rẹ̀ títí tí wọ́n fi lọ gbin koríko sábẹ́ omi níbẹ̀, torí inú koríko yẹn lọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí tó fi ń dàgbà. Wọ́n gbìn ín tán, àwọ̀n àwọn apẹja wọ́ ọ tu. Ọ̀gá bá fárígá: bí àwọn apẹja ò bá gbà láti yẹra fún ibẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè, ìlú mìíràn ni iṣẹ́ náà ń lọ.

Orí bá Fúnkẹ́ ṣe é. Bàbá Adéníjì, àbúrò bàbá rẹ̀, tó tún jẹ́ olórí àwọn apẹja, wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Nyanya, l'Ábújá níbẹ̀. Bí Bàbá bá ti gbà, gbogbo etí omi gbà nìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣèpàdé ní Sátidé nílé alága ní Kubwa, Fúnkẹ́ gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó ń da gírámà bolẹ̀.

"Koríko?" ni Bàbá wí. "Koríko tí bàbá mi fi àdá lé lẹ́yìnkùlé títí tó fi kú, òun lẹ̀ ń gbìn sínú omi? Kai! Àbújá ti ba ọmọ yìí jẹ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Fúnkẹ́ débi pé omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá jáde lọ gbatẹ́gùn, ó gba orí koríko tuntun tí wọ́n gbìn síwájú ilé. Ìyá Kúnbi, ìyàwó alága, ké lójú fèrèsé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́! Kò tíì ta gbòǹgbò!" Bàbá fò kúrò níbẹ̀ kíá, ló bá ń tọrọ àforíjì.

Fúnkẹ́ tó tẹ̀ lé e ò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, èyí tí ewúrẹ́ lásán ò rí jẹ, ẹ fò kúrò lórí ẹ̀. Èyí tó ń tọ́ ọmọ ẹja fún yín, ẹ wọ́ àwọ̀n gorí ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá. "Ìyá Kúnbi bẹ̀ mí. Ìwọ ńkọ́? Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ìjọba, ẹ gba ààfin lọ, ẹ ri pátákó tẹ́ ẹ kọ òyìnbó sí mọ́nú omi, ó parí. Ìwọ ọmọ mi, o kọjá níwájú wa níbi tá a ti ń tún àwọ̀n ṣe, o ò yà kí wa. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé nìyẹn, láìkágò?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Fúnkẹ́ wọra, torí òótọ́ ni. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé tí Kábíyèsí bá ti gbọ́, ó tán."

"Kábíyèsí kì í da àwọ̀n." Bàbá fà á dìde. "Ẹ lọ yọ pátákó yín. Àwa fúnra wa la ó so màrìwò mọ́ ọ̀pá yí ibẹ̀ ká. Kò sápẹja tí ò mọ̀ pé èèwọ̀ nìyẹn."

Ló bá fa fóònù yọ, ó ń pariwo bíi pé gbogbo Kubwa ló ń pè. "Paul! Ká àwọ̀n mi kúrò níbi koríko ìjọba yẹn!"

Ohùn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dáhùn nínú fóònù láti orí omi Ìlàjẹ: "Bàbá, ẹja ti kún un o! Irú ẹ̀ ò wọlé láti ọjọ́ yìí!"

Bàbá wo ojú Fúnkẹ́.

"Tú wọn sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Gbogbo wọn."

Fúnkẹ́ bú sẹ́kún.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" ni Bàbá jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ẹja tìẹ ló lọ ni?"