Orúkọ Mẹ́wàá Àkọ́kọ́

Aago méjì ọ̀sán kò tíì lù nígbà tí Nọ́ọ̀sì Faridah já wọ ọ́fíìsì Adédiwúrà láì kan ilẹ̀kùn. Cecilia, tó bímọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé ìwòsàn wọn ní Ìkòsí, ní Kòsọ́fẹ́, ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò sì dá.

"Aunty Diwúrà, O negative ni o! Ẹ bá wa wá donor, kíákíá!"

Adédiwúrà ló ń tọ́jú orúkọ àwọn tó yọ̀ǹda láti máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tó ń wá wọn lórí kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń fi yangàn díẹ̀. Ó tẹ irú ẹ̀jẹ̀ náà sí i, orúkọ mẹ́wàá jáde, ó gbé fóònù.

Adébánkẹ́ ti kó lọ sí Abẹ́òkúta. Adéfúnkẹ́ ń fọ́mọ lọ́mú. Fóònù Adégbuyì ò lọ. Adéníkẹ̀ẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn lẹ́jẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Adédiwúrà ń kánjú débi pé ó ń ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ó pe ẹni kẹwàá, Adéyínká. Kò gbé e.

"Wọ́n ti tán," ló wí. Faridah káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

Ìgbà náà ni Adédiwúrà tún orúkọ wọ̀nyẹn wò. Adé, Adé, Adé. Ṣé ọmọ ọba nìkan ló ń fẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Kòsọ́fẹ́ ni? Ara rẹ̀ bù máṣọ. Lọ́jọ́ tó ń kọ ètò náà, kọ̀ǹpútà wọn ń fà, ló bá pàṣẹ fún un pé mẹ́wàá péré ni kó máa kó jáde, bí a ti ń to A, B, D. Níbo wá ni mẹ́wàá àkọ́kọ́ fẹ́ gbà kọjá Adé láàárín àwa Yorùbá?

Ó pa ìlà kan ṣoṣo tó gbé àṣẹ yẹn rẹ́. Orúkọ mọ́kànléláàádọ́ta tú jáde. Ó rí Tòkunbọ̀ nísàlẹ̀, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ládùúgbò kejì. Kíá ló gbé fóònù.

Kò pẹ́ tó fi dé, ọ́ìlì ṣì wà lápá rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n gbà á, wọ́n fà á sí Cecilia lára. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, obìnrin náà ti lajú, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ń mu mọ́ọ̀tì tí wọ́n fún un. "Aunty, ọdún méjì ni mo ti forúkọ sílẹ̀ níbí o, ẹ ò pè mí rí. Mo ti rò pé ẹ ò nílò ẹ̀jẹ̀ mọ́."

Ojú Bartholomew ni Adédiwúrà ń rí, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú sí wọn lọ́wọ́ lóṣù kẹta nígbà tí wọn ò rí ẹ̀jẹ̀ fà sí i lára. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọkùnrin náà lọ́jọ́ náà, tọkàntọkàn, pé gbogbo ẹni tó wà nínú àkọsílẹ̀ làwọn ti pè.