Kóòtù Kan Tí Gbogbo Ẹgbẹ́dá Wọ̀

Ẹ má fi ojú ẹni rere wò mí mọ́. Julius lorúkọ mi, Bàbá Fọ́tò lẹ ń pè mí, ẹ ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí mo bà láyé jẹ́ ládùúgbò yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́, jàre.

Ọdún Udoji ni. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù, owó epo ń ṣàn, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Oko ẹ̀gẹ́ ló ṣì pọ̀ jù ní Ẹgbẹ́dá nígbà náà, ilé tuntun sì ń hù láàárín ẹ̀gẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkọ̀tún. Mo ní kóòtù eérú kan lára ògiri, táì pupa kan, àti aago ọwọ́ kan tó ti kú tipẹ́, tó dúró sí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá láṣọ gidi, màá kó gbogbo ẹ̀ sí i lára kó lè dà bí ọ̀gá. Bí kóòtù bá tóbi jù fún un, màá fi pínnì há a lẹ́yìn. Kò sí onífọ́tò tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn.

Bíríkìlà kan wà tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, Jàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọlúàbí ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ lóyún sínú. Jàfárù wá ya fọ́tò tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó wọ kóòtù mi, ló bá ń rẹ́rìn-ín. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó mú ojú le, pé a kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Ó mú ojú le.

Lẹ́yìn ìyẹn ni akọ̀ròyìn kan dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ti yìnbọn pa adigunjalè kan létí òkun láàárọ̀, ó sì gbọ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọkùnrin náà ti ya fọ́tò kan rí. Òótọ́ ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, kóòtù mi náà ló wọ̀. Akọ̀ròyìn ń kán mi lójú, ó ní wọ́n á kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sábẹ́ fọ́tò náà. Ojúkòkòrò orúkọ ló pa mí. Mo ṣí àpótí, mo rí ọkùnrin kan nínú kóòtù eérú, mo fà á lé e lọ́wọ́. Mi ò wo ojú, kóòtù ni mo wò.

Ọjọ́ kẹta ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Abúlé Ẹ̀gbá gbé ìwé ìròyìn náà dé. Mo ṣí i. Jàfárù ló ń wò mí níbẹ̀, orúkọ ẹlòmíì lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ká a, mo panu mọ́. Mo rò pé wọ́n á fi rẹ́rìn-ín ni, nítorí gbogbo wa la mọ Jàfárù. Mo gbàgbé pé lójú ẹni tí kò mọ̀wé, ìwé kì í purọ́.

Ẹnikẹ́ni ò pe Jàfárù lólè. Ìyẹn ì bá sàn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó ti kú, pé wọ́n ti yìnbọn pa á létí òkun, àkúdàáyà ló wá ń gbé àárín wa. Wọ́n bi ara wọn pé kí ló dé tí kò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà Iléyá. Iṣẹ́ ló dá a dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ní àkúdàáyà kì í padà síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Sìmẹ́ǹtì tó máa ń funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo wa ti ń rí tipẹ́, wọ́n ní erùpẹ̀ sàréè ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń mọlé fi í sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bó bá kí ọmọdé, ọmọ á sá.

Mọ̀dínátù bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àga òfìfo ló kún iwájú ilé. Áfà Yésúfù, tó yẹ kó wá sọ ọmọ lórúkọ, ránṣẹ́ pé ara òun ò yá.

Lọ́jọ́ kejì ni Mọ̀dínátù gbọ́mọ pọ̀n wá bá mi. Kò sunkún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò yẹn. Ọkùnrin tó ń sùn tì mí, ṣé alààyè ni?”

Mo ní alààyè ni. Ó wá bi mí pé báwo ni fọ́tò rẹ̀ ṣe wá di ti òkú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún pínnì ẹ̀yìn kóòtù ṣe. Ẹ ò rí ayé mi bí? Ó yí padà, ó lọ.

Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí n jẹun. Mo tú gbogbo àpótí, mo rí fíìmù olè náà gan-an, mo tẹ fọ́tò rẹ̀ àti ti Jàfárù jáde. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo pe gbogbo àdúgbò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fọ́tò méjèèjì kọ́ sára ilẹ̀kùn, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, pé olè rèé, Jàfárù rèé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ tèmi bá a lóòótọ́, irọ́ sì là á mọ́lẹ̀.

Nítorí wọ́n wo kóòtù, wọ́n wo táì, wọ́n wo aago. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbí, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Áfà Yésúfù wò ó pẹ́.

“Julius, o ṣeun,” ó ní. “Ìgbà méjì lo ya ọkùnrin kan náà. Ọ̀kan kó tó kú, ọ̀kan lẹ́yìn tó kú.”

Mo bínú, mo pariwo pé ẹ wo imú, ẹ wo etí. Kò sẹ́ni tó wo imú. Jàfárù bọ́ síwájú, ó fọwọ́ kan fọ́tò kìíní, ó fọwọ́ kan ìkejì.

“Bọ̀dá Julius,” ó ní wẹ́rẹ́, “èwo ni èmi?”

Mo rò pé ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ó yíjú sí Mọ̀dínátù, ó na ọwọ́ pé kó gbé ọmọ fún òun. Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan péré. Jàfárù rí i. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà Ìgándò lọ láàárín ẹ̀gẹ́, a ò sì rí i mọ́ títí dòní. Wọ́n ní ṣé ẹ rí i, àkúdàáyà kì í dúró bí wọ́n bá ti dá a mọ̀.

Ọmọ náà ni Àdíját. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Àná ló wá, ó ní kí n fi bàbá òun han òun. Mo gbé fọ́tò méjèèjì síta. Mi ò kọ orúkọ sẹ́yìn wọn, ìwé ìròyìn ti jẹrà tipẹ́. Mo wo imú, mo wo etí, mo tún wò ó. Ọkùnrin méjì tó mú ojú le, nínú kóòtù mi. Ká ní mo jẹ́ kí Jàfárù rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá mọ̀ ọ́n.

Àdíját ń wo ẹnu mi. Ó mú ọ̀kan fúnra rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá rẹ̀ ló mú àbí olè náà, mi ò sì dá a dúró.