Mọ́tò Tó Kọ́kọ́ Dé Abà Ògúnkànmí

Iṣẹ́ ojú títì ni Mùsáfírù mọ̀. Létí màrosẹ̀ ní Ìbàfò ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀ wà, àwọn mọ́tò tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Èkó ló sì fi ń jẹun. Nígbà tí Tòún wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, tó ní kó bá òun sọ ọ́ di mọ́tò inú igbó, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á.

"Àǹtí, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà nínú eléyìí. Ẹ ò ṣe kúkú ra jíìpù tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà?"

"Èyí tí mo ní nìyí. Ìwọ ṣáà bá mi gbé e ga."

Àdúgbò Lotto ní Mowe ni Tòún ń gbé, ẹ̀gẹ́ ló sì ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó wà ní ìkọjá Ọbáfẹ́mi. Abà kan wà lọ́hùn-ún, abà Ògúnkànmí, tí mọ́tò kankan ò dé rí. Bójò bá ti dé, ńṣe ni ẹ̀gẹ́ wọn ń jẹrà sílẹ̀. Tòún ti wá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, káwọn obìnrin ibẹ̀ lè máa ṣe gàrí fúnra wọn. Ẹ̀rọ náà sì wúwo ju ohun tí ọ̀kadà lè gbé.

Mùsáfírù bá kó síṣẹ́. Ó fi kún àwọn irin pẹlẹbẹ tó gbé ẹ̀yìn mọ́tò dúró, títí tó fi ga sókè. Ó wá fi táyà eléyín ńláńlá sí i, ó fi irin bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì nítorí òkúta, ó sì fa ẹnu sálẹ́ńsà lọ sókè kómi má baà wọ̀ ọ́. Èyí tó bà á lẹ́rù jù ni jíà ẹ̀yìn. Tòún ní kó fi iná jó o pọ̀, kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì máa yí pa pọ̀, kí èyí tó bá rì má kàn máa yí lásán. Ó jó o, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bó bá là nínú igbó ńkọ́?

"Ìwọ lo jó o," ni Tòún wí. "Wọlé, ká jọ lọ."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n kọjá Ọbáfẹ́mi, títì sì parí. Ọ̀nà di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di omi. "Bísímíláì," ni Mùsáfírù ń wí ṣáá. Omi ń lu ilẹ̀kùn. Tòún ò sáré, kò sì dúró. Ńṣe ló rọra ń tẹ̀ ẹ́ lọ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, títí imú mọ́tò fi yọ lódìkejì.

Òkè alápàáta ló kàn, àgbàrá ti là á sí méjì. Mùsáfírù bọ́ sílẹ̀ kó lè máa júwe ọ̀nà. Mọ́tò náà gun òkè, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà ẹ̀yìn kan sì kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ó ń yí jẹ́jẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ìkejì di àpáta mú, ó ń fà, ó ń fà. Láti kékeré ni Mùsáfírù ti ń tú irin tó ń to irin, kò rí irú èyí rí.

Tòún yọrí síta. "Mùsáfírù! Ọ̀tún àbí òsì?"

Ojú Mùsáfírù ò kúrò lára táyà tó wà lókè. Tòún bá wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yí ọwọ́ mọ́tò díẹ̀, ó sì gùn ún dókè.

Nígbà tí wọ́n dé abà, àwọn ará ibẹ̀ pé lé mọ́tò lórí. Ìyá Bùrẹ́ímọ̀, tó dàgbà jù níbẹ̀, gbọ́wọ́ lé iwájú mọ́tò.

"Ó gbóná bí ara èèyàn. Ta ló ṣe é?"

Tòún nawọ́ sí Mùsáfírù. Mùsáfírù dọ̀bálẹ̀.

"Irin lèmi jó, màmá. Àǹtí ni wọ́n wà á débí."

Ó rá pálá wọ abẹ́ mọ́tò, ó fọwọ́ pa jíà ẹ̀yìn kiri. Kò là, kò jò. Nígbà tó jáde, wọ́n ti sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, ó ti ń kù, àwọn obìnrin sì ń da ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń wà á nínú ẹrẹ̀."

Tòún ju kọ́kọ́rọ́ sí i. "Bẹ̀rẹ̀ níbi tílẹ̀ ti gbẹ."