Igbe Tí Bàbá Gé Kúrò

Iṣẹ́ mi ní ilé ẹjọ́ ò ju ẹyọ kan lọ: kí n sọ bóyá fáìlì tí wọ́n gbé wá ṣì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á. Kọ̀ǹpútà á ka fáìlì náà látòkèdélẹ̀, á sì yọ nọ́ńbà gígùn kan jáde fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan fáìlì náà, ì báà ṣe bíńtín, nọ́ńbà mìíràn pátápátá ló máa yọ.

Bàbá kan jókòó síwájú mi, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́yà wọn lórí ìdúró. Iná ti jó ọmọ wọn pa nílé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́. Fọ́máànù ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn látìta, wọ́n ní kí ẹnì kankan má bàa rí àyè jí ẹrù lọ nígbà tí iná ń jó. Ọmọ náà ká fọ́máànù sínú fídíò láti ojú fèrèsé onírin bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn, ó fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Yàtọ̀ sí fídíò yẹn, kò sí ohun tó lè mú fọ́máànù.

Mo yọ nọ́ńbà fídíò náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un yọ. Nọ́ńbà tó yọ kò jọ èyí tí lọ́yà tẹ̀ sórí bébà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rárá.

"Ta ló fọwọ́ kan fídíò yìí?"

Bàbá wolẹ̀. "Èmi ni. Igbe wà níparí ẹ̀. Mo gé e kúrò kí ìyá ẹ̀ má bàa gbọ́ ọ, mo sì pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ṣebí lọ́yà ní òun ti gba nọ́ńbà ẹ̀, pé mìmì kan ò lè mì í mọ́."

Mo yíjú sí lọ́yà. "Ẹ̀dà tẹ́ ẹ gbà ńkọ́?"

"Ẹ̀dà kẹ̀? Nọ́ńbà ni mo gbà." Ó na bébà sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òun nìyí. Ẹ fi yọ fídíò náà jáde padà."

Inú bí mi. Gbogbo ìwé tó kà, kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan!

"Lọ́yà, bí èèyàn bá tẹ̀ka sórí bébà, ṣé ẹ lè ti inú ìtẹ̀ka yẹn yọ ẹni náà jáde? Nọ́ńbà á sọ fún wa pé fáìlì ti yí padà. Kò lè sọ ohun tó yí, kò sì lè dá a padà."

Lọ́yà rọra gba bébà náà padà.

"Ṣé fọ́máànù máa lọ báyẹn ni?" Bàbá ló béèrè.

"Màá kọ ọ́ pé kò bára mu, Bàbá. Mi ò lè purọ́." Ó korò lẹ́nu mi. Adájọ́ ò ní wo fídíò náà rárá, èmi àti lọ́yà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Má bínú. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ ni."

Obìnrin náà gbójú sókè wò ó.

"Mo ti gbọ́ ọ," ó ní. "Nígbà tẹ́ ẹ wọlé lọ wẹ̀, mo mú fóònù yín. Èmi ló ń pè. 'Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn.' Mo rí yín nígbà tẹ́ ẹ ń gé e. Mi ò sọ̀rọ̀, torí mo rò pé ẹ̀yin gan-an lẹ ò lè fara dà á."