Kókó Iṣu Lórí Omi

Ohun kan ṣoṣo ni Mùízù kìlọ̀ fún Àkàndé kí wọ́n tó ti ọkọ̀ ìdíje wọn sórí adágún tí wọ́n sé lẹ́yìn ìlú Sokodé.

"Okùn ìgbòkun yìí, ọwọ́ ni kí o fi dì í mú. Bí atẹ́gùn bá le, o tú u sílẹ̀. Má so ó mọ́ nǹkan kan. Jamais, láéláé."

Aného létí òkun ni Mùízù ti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ onígbòkun, ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ti Àkàndé, alùpùpù ló fi ń gbé èrò ní àdúgbò Kouloundè, oṣù méjì péré ló sì fi kọ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wà létí omi. Láti ìlú wọn, Kambolé, ni bàbá ti wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti sọ ọ́ kedere pé bí ìdíje yìí kò bá mú Àkàndé jọ ènìyàn, kó palẹ̀ ẹrù mọ́, ebè ń dúró dè é nílé. Ẹ̀rù oko yẹn ba Àkàndé ju ẹ̀rù omi lọ.

Ọkọ̀ mẹ́fà ló jáde. Nígbà tí wọ́n fi yí ìyípo ìkẹyìn, tiwọn ló wà níwájú. Ọyẹ́ ń fẹ́, okùn sì ti bó àtẹ́lẹwọ́ Àkàndé. Mùízù kọjú sí àjẹ̀ tí ó fi ń darí ọkọ̀, kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin yìí kọ etí ikún sí ìkìlọ̀, ó so okùn mọ́ igi ìdábùú ọkọ̀. Kókó tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ló ta, èyí tí wọ́n fi ń so iṣu mọ́ igi ọgbà. Bí iṣu bá ṣe ń wúwo tó ni kókó náà ń le tó, ọ̀bẹ nìkan ló ń tú u.

Ìjì dé lójijì. Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

"Tú u, Àkàndé."

"Kò tú."

"O so ó? Gé e nígbà náà. Ṣé o ní ọ̀bẹ?"

Ọ̀bẹ wà lápò ṣòkòtò rẹ̀. Àkàndé wo àsíá pupa òpin ìdíje níwájú, kò ju ibi tí ènìyàn lè sọ òkò dé lọ. Bí ó bá gé okùn, ìgbòkun á rọ, àwọn tó kù á kọjá wọn.

"Mi ò ní," ni ó wí. Ojú tì í bí ó ti ń wí i.

Ọkọ̀ dojú dé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àkàndé di ọkọ̀ mú, ṣùgbọ́n abẹ́ ìgbòkun ni Mùízù há sí, ó sì pẹ́ kí àwọn apẹja tó fà á jáde. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn, ó bi omi títí ojú rẹ̀ fi ranjú. Ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí náà ń há.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ gòkè. Okùn ṣì le koránkorán lára igi. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan kókó náà, ó sì dá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀.

"Iṣu ni mo ní kí o máa so báyìí," ni ó wí. "Iṣu kì í mí."

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn láì wo ọmọ rẹ̀. "Mú ọ̀bẹ rẹ wá."

Kò bi í bóyá ó ní. Láti kékeré ni ó ti kọ́ ọ pé ọmọ àgbẹ̀ kì í jáde nílé láì mú ọ̀bẹ dání. Àkàndé ki ọwọ́ bàpò, ó yọ ọ́.

Mùízù gbé orí sókè lórí iyanrìn. Ó wo ọ̀bẹ náà, ó sì wo Àkàndé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá fi ọ̀bẹ fa kókó náà. Okùn já.